Ta Ni Ajẹ́ǹtì Rẹ? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kábíyèsí àti Gbogbo Ará Ìgbẹsà

Sí Kábíyèsí, Ọlọ́jà Ẹkùn ilẹ̀ Ìgbẹsà, àti àwọn ìjòyè;
Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà;
Sí ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ìmáàmù àti ẹ̀yin pásítọ̀;
Sí gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun.

     

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ mí, nítorí pé èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ yín ní á-bí-dí. Ní kíláàsì, bí ọ̀rọ̀ kan bá kan gbogbo ọmọ, n kì í sọ ọ́ sétí ẹnì kan, ojú pátákó ni mo máa ń kọ ọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí kò fi sí nínú àpòòwé.

Ohun tó fà á nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí kò tíì pẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Lúsádà wá sílé mi. Ó na fóònù sí mi, ó ní kí n bá òun ka ìwé tí àwọn ará Ọsirélíà kọ sí òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bí àkọ́bí rẹ̀ sí ìlú Melbourne. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ lò: kó bá wọn wẹ ọmọ, kó fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ lára, kó se ọbẹ̀, kó sì padà sídìí igbá rẹ̀. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè la ẹnu. Wọn kò fún un ní físà. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ní ìwé owó báǹkì tó wà nínú ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Nítorí ìwé èké yẹn, òfin wọn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́ta, àfi bí ìdí ńlá kan bá wà tí wọ́n lè fi yọ̀ǹda.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rẹ́ mi kò ní àkáǹtì ní báǹkì náà rí láyé rẹ̀. Ó ní owó tirẹ̀ níbòmíràn. Ó ní ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ti ń dá owó sí láti ọdún pípẹ́. Ó ní rìsíìtì ìsọ̀, ó ní ìwé ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Òtítọ́ tirẹ̀ tó láti gbé e dé Melbourne. Ajẹ́ǹtì kan ló kó òtítọ́ náà dànù, tó fi irọ́ dípò rẹ̀, tó sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lé e lórí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde láti lọ ra búrẹ́dì. Ìwé ìkéde irú àwọn ajẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri, lára òpó iná, lára géètì ilé ìjọsìn: físà Ọsirélíà, físà Kánádà, ó dájú, kò sí pé wọn kò fún ọ. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dákẹ́ mọ́.

OHUN TÓ Ń DÙN MÍ

1. Ó ń dùn mí pé a ti gbà nínú ìlú yìí pé ènìyàn kò lè lọ kí ọmọ rẹ̀ lókè òkun láìsí ajẹ́ǹtì. Èmi náà lọ sí Melbourne lọ́dún tó kọjá, fún ọjọ́ 18, mo sì padà wálé. Nígbà tí mo dé, kí àwọn ènìyàn tó bi mí pé báwo ni ọmọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni pé, "Ta ni ajẹ́ǹtì rẹ?" Mo ní n kò ní. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ fi ọ̀nà pamọ́ fún wọn. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Físà àbẹ̀wò tí Ọsirélíà ń pè ní subclass 600, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń béèrè fún un, lójú òpó ìjọba wọn tó ń jẹ́ ImmiAccount. Nǹkan bí 200 dọ́là ti Ọsirélíà ni mo san fún un, yàtọ̀ sí owó díẹ̀ tí a ń san níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka tí wọ́n sì ń ya fọ́tò wa. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà ni ajẹ́ǹtì gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní owó ìjọba ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

2. Ó ń dùn mí pé àwọn àgbà ń fi ọwọ́ sí ohun tí wọn kò kà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọgbẹ́ wà. Ajẹ́ǹtì á ní kí o mú páṣípọ́ọ̀tù àti fọ́tò wá, kí o máa lọ sílé, ó kù sọ́wọ́ òun. Ímeèlì ara rẹ̀ ni yóò fi ṣí àkáǹtì náà, òun nìkan ló ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí òṣìṣẹ́ físà bá kọ̀wé béèrè àlàyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ń lọ. Bí ó bá fi ìwé báǹkì ayédèrú sí i, o ò ní rí i. Àmọ́ orúkọ rẹ ló wà lórí fọ́ọ̀mù, ìka rẹ ni o tẹ̀, ìwọ ni òfin sì mú. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ tàbí ọjọ́ orí ni wọ́n fi purọ́, ìjìyà náà ju ọdún mẹ́ta lọ, ó lè tó ọdún 10.

3. Ó ń dùn mí pé àwọn ajẹ́ǹtì ń mú kí aláìní ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kí físà tó jáde. Ìjọba Ọsirélíà fúnra rẹ̀ ló ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kó dúró kí físà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ná. Ìwé tó ṣàlàyé ọjọ́ tí o fẹ́ lọ àti ọjọ́ tí o máa bọ̀ ti tó.

4. Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, ẹ̀yin náà jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Ẹ mọ ìwé kà, fóònù ńlá wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ti gba físà tiyín rí. Síbẹ̀ owó lẹ ń fi ránṣẹ́ sí àjèjì ní Sáńgò tàbí Lúsádà, pé kó bá yín ṣètò ìyá yín. Iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ni, bí ẹ bá jókòó tì í.

5. Kábíyèsí, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ èyí. Ó ń dùn mí pé ẹ̀yin àgbà wa rí àwọn ìwé ìkéde wọ̀nyí, ẹ sì ń kọjá lọ. Alága, àwọn òṣìṣẹ́ yín ń gba owó pátákó lọ́wọ́ télọ̀ àti onígbàjámọ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi ajẹ́ǹtì físà léèrè ẹni tó fún un láṣẹ. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù, àwọn kan nínú wọn ń dúpẹ́ ọdọọdún lójú gbogbo ìjọ, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

BÍ ÀBẸ̀WÒ KÉKERÉ ṢE Ń RÍ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbínú nìkan ni mo gbé wá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi àti ọmọ mi ṣe ṣe é.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni a máa ń jókòó sídìí fóònù. Aago Melbourne fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣáájú tiwa. Láti oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ó máa ń di mẹ́wàá. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ mi jẹ́ aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé fún un. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń dáhùn. Gbogbo ìbéèrè ló kà sí mi létí kó tó kọ ìdáhùn mi sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye tí mo ní, iye tí mo ní náà ni a kọ, owó ìfẹ̀yìntì mi àti èrè oko kékeré mi. Ọmọ mi fi ìwé ìpè ránṣẹ́, ó fi ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ àti ìwé ìgbélùú rẹ̀ kún un. Mo fi ìwé ilé mi sí i, mo sì kọ orúkọ àwọn ọmọ mi tó wà ní Ìgbẹsà níbí. Ohun tí òṣìṣẹ́ físà fẹ́ mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ṣé àlejò ni ẹni yìí, ṣé yóò padà sílé? Ilé mi ló lè dáhùn ìyẹn. Báǹkì tí n kò wọ̀ rí kò lè dáhùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a kọ ètò ọjọ́ 18 náà sórí ojú ìwé kan ṣoṣo. Oṣù Kẹta la yàn, nítorí pé ooru wọn ti ń lọ, òtútù wọn kò sì tíì dé. Nígbà tí òjò wa ń rọ̀ ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, òtútù ni tiwọn, egungun àgbà kò sì fẹ́ ẹ. A mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Èkó lọ tààrà: a ó kọ́kọ́ balẹ̀ sí Doha tàbí Dubai, èkejì tí a ó wọ̀ níbẹ̀ sì lé ní wákàtí 12 lójú ọ̀run. Nítorí náà, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìsinmi. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

A kọ ọ́ pé pápákọ̀ òfurufú wọn wà ní Tullamarine, pé rélùwéè kò dé ibẹ̀, pé bí ọmọ mi bá wà níbi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní SkyBus ni màá wọ̀ dé ibùdókọ̀ Southern Cross láàárín ìgboro. A kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni tráàmù wọn láàárín gbùngbùn ìlú, pé bí a bá ti kọjá ààlà ibẹ̀, káàdì myki la máa tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Mo fẹ́ rí ọjà wọn, nítorí ọmọ ọlọ́jà ni mí. Queen Victoria Market ti wà láti ọdún 1878, ṣùgbọ́n wọn kì í ná an ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun la fi sí. Ọgbà ewéko ńlá wọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1846, ọ̀fẹ́ ni wíwọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a óò gbé ọmọ lọ gbatẹ́gùn ní Ọjọ́bọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni mo ti kọ ọjọ́ tí màá padà sí Ìgbẹsà, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Kódà láti Ìgbẹsà dé Ìkẹjà, a ṣètò rẹ̀. N kò fọkàn tán ọ̀nà Agbára, n kò sì fọkàn tán ọ̀nà Sáńgò lọ́jọ́ ìrìn. Mo sun ilé àbúrò mi ní Ìkẹjà mọ́jú. Mo ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣáájú, mo sì gba káàdì aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, nítorí pé Ọsirélíà ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ wa wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra káàdì náà lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín lábẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo dé ọ̀hún, wọ́n fún wa ní káàdì pé kí a kọ gbogbo oúnjẹ tó wà nínú ẹrù wa. Ẹni kan tí a jọ wọkọ̀ ní kí n fo ibẹ̀. Mo ní rárá. Mo kọ èlùbọ́, mo kọ ẹ̀gúsí, mo kọ ẹja gbígbẹ. Wọ́n tú ẹrù mi, wọ́n mú ohun tí òfin wọn kò gbà, wọ́n ní kí n máa lọ. N kò san ìtanràn kankan, nítorí pé mo sọ ohun tó wà nínú àpò mi. Ohun kan náà ni físà, ohun kan náà ni ẹrù: ẹni tó bá sọ ohun tó gbé, kò sí ẹni tó máa fi ojú olè wò ó.

Ẹ sì rántí pé kì í ṣe ara wa nìkan là ń gbé lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa, gbá ọ̀mì pẹ̀lú Kánádà ní Melbourne, Chiamaka Nnadozie sì mú pẹnáritì Christine Sinclair. Láìpẹ́ sí i, wọ́n na Ọsirélíà fúnra rẹ̀ 3–2 ní Brisbane, Asisat Oshoala ọmọ Ìkòròdú ló jẹ gólù kẹta. Àwọn ọmọbìnrin yẹn fi òógùn kọ orúkọ Nàìjíríà sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwé èké kọ̀ọ̀kan tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ ń pa á rẹ́, ìyá olótìítọ́ tó bá tẹ̀ lé e ló sì máa jìyà rẹ̀, torí òṣìṣẹ́ físà á máa wo ìwé tirẹ̀ náà tìfura-tìfura.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

1. Kábíyèsí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí akígbe ìlú jáde ní ọjọ́ ọjà, kó kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ béèrè físà kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí a kò kà sí i létí ní Yorùbá, ó sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀.

2. Alága, ẹ jẹ́ kí gbogbo ajẹ́ǹtì ìrìn àjò tó ní ìsọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa wá forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì àti onígbọ̀wọ́. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ gidi kò ní bẹ̀rù. Ní ti Ọsirélíà, àjọ OMARA ń tọ́jú orúkọ àwọn ajẹ́ǹtì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

3. A ní Yunifásítì Crawford nílùú wa, a sì ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀. Mo bẹ àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì kí wọ́n yọ̀ǹda àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n wá bá àwọn àgbà ka fọ́ọ̀mù nínú gbọ̀ngàn ìlú. Kí wọ́n má bá wọn kọ ìdáhùn o, kí wọ́n bá wọn kà á ni.

4. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù, ẹ sọ ọ́ lórí pẹpẹ àti lórí míńbárì pé ìwé báǹkì ayédèrú jẹ́ irọ́, kò sì sí àdúrà tó lè sọ ọ́ di òtítọ́.

5. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fúnra yín jókòó ti ìyá yín. Bí ẹ bá lè wá àyè fún eré bọ́ọ̀lù, ẹ wá àyè fún èyí.

ÌKÌLỌ̀ MI

Ọ̀wọ̀ ni mo fi kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀wọ̀ mi pe ẹ̀rù. Ẹ̀yin ajẹ́ǹtì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, òfin tó lòdì sí jìbìtì tí ilẹ̀ wa ṣe ní ọdún 2006 wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló kéré jù, ó sì lè dé 20, láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Ọ̀rẹ́ mi ní gbogbo rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tí ajẹ́ǹtì rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. A ti tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. A máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ EFCC, a kò sì ní dá lọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ wa, bí oṣù kan bá kọjá tí àwọn ìwé ìkéde wọ̀nyí ṣì wà lára ògiri ìlú, èmi àti àwọn ìyá ọjà Lúsádà àti Ìgbẹsà yóò jáde fúnra wa, a ó sì ya wọ́n kúrò lójú ọ̀sán gangan. Ojoojúmọ́ ni àjèjì ń wọ ìlú wa wá ṣiṣẹ́ ní Ogun Guangdong Free Trade Zone, a sì fẹ́ kí wọ́n gbé ìwé tó mọ́ wá. Ojú wo la ó fi béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn, bí ìlú tiwa bá di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé èké?

Ní tèmi, n kò ní sọ̀rọ̀ kí n sì káwọ́ gbera. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, màá wà ní gbọ̀ngàn ìlú láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo fi béèrè físà tèmi: fọ́ọ̀mù, ìwé ìpè, ètò ọjọ́ 18 náà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá wò ó. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí n ti ṣe é lọ́jọ́ tí mo dé, kí ọ̀rẹ́ mi tó lọ bá àjèjì.

Kábíyèsí, ọ̀rẹ́ mi ra ọ̀já tuntun kan tó fẹ́ fi pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ báyìí, ó ká a sórí àpò èlùbọ́, inú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á fún un ló ṣì wà. Nígbà tí ọdún mẹ́ta bá fi pé, ọmọ náà yóò ti máa sáré kiri, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọn òun mọ́. A kò lè dá àkókò yẹn padà fún ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá mìíràn wà nílùú yìí tí ọmọ wọn lóyún lọ́wọ́ lókè òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ìkókó lẹ́nu ọyàn.



Èmi ni tiyín,
olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìgbẹsà.